Ẹlẹ́rìí Ara Ògiri: Iṣẹ́ Awọnlẹ̀ àti Ayẹléwò Nínú Ìdúnàádúrà Ilé ní Zanguéra

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Kpalimé jáde ní Lomé, tó kọ ẹ̀yìn sí òkun, tó ré ọ̀sà kọjá, tó sì gun ilẹ̀ pupa tó ga díẹ̀ lókè rẹ̀ lọ síhà àríwá ìwọ̀ oòrùn, yóò dé Zanguéra, ìlú tí àwọn mìíràn ń kọ ní Sanguéra, níbi tí àwọn Ewe ti ń ro oko àgbàdo àti ẹ̀gẹ́, ṣùgbọ́n tí Lomé ti nasẹ̀ dé báyìí, tó fi jẹ́ pé orí ilẹ̀ tí àwọn baba ti ń kọ ebè ni àwọn ọmọ ti ń to búlọ́ọ̀kù. Ilé ń dìde níbẹ̀, ilé sì ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Àwọn ọmọ Yorùbá tó ń ṣòwò ní Lomé, tí àwọn onílé ń pè ní Anago, kò sì gbẹ́yìn nínú àwọn tó ń rà. Àwọn àgbà wí pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ; èmi náà wí pé ilé kan náà ló yẹ kí a wò, kí a wò ó tinú tẹ̀yìn, kí a tó tú ìdí àpò.

Ọ̀pọ̀ wa ni kì í wò ó bẹ́ẹ̀. Ọ̀dà tó ń dán, ilẹ̀kùn irin tó ga, àti ilẹ̀ẹ́lẹ̀ tó ń kọ mọ̀nà bí ojú omi ni à ń wò, a ó sì gbàgbé kọ̀rọ̀ ẹ̀yìn ilé níbi tí omi òjò ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ wò díẹ̀díẹ̀. Nítorí náà ni àwọn méjì kan fi wúlò ju bí à ti ń kà wọ́n sí lọ: awọnlẹ̀, ẹni tí àwọn ará Togo ń pè ní géomètre, tó ń sọ ibi tí ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àti ibi tó parí sí, àti ayẹléwò, ìyẹn onímọ̀ iṣẹ́ ilé kíkọ́ tó ń sọ bí ara ilé ti le sí. Àwọn méjèèjì kì í ta, wọn kì í sì í rà. Ẹ̀rí ni wọ́n ń jẹ́.

Iṣẹ́ awọnlẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa. Àwọn baba wa a máa gbin pèrègún sí ojú ààlà, wọn a sì pe àwọn àgbà ìdílé méjèèjì láti dúró tì í, kí ó má baà di ohun tí ọmọ ọmọ yóò máa jà sí. Nígbà tí ayé ìwé dé, awọnlẹ̀ tí òkìkí rẹ̀ kàn jù láàárín wa ni Herbert Macaulay, ọmọ ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther, Ejòńgboro tó ń já gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ láàárín Èkó tí ara àwọn aláṣẹ kò balẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ ní ọdún 1898, ó sì ń fi okùn àti ìwé wọn ilẹ̀ fún àwọn ará ìlú. Òun ló bá Olóyè Olúwa, Amodu Tijani, lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1920 nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ní Àpápá. Ní ọdún 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù lábẹ́ adé dá a láre pé ìdílé ló ni ilẹ̀, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ohun tó ní olówó. Láti ìgbà náà ni ó ti yẹ kó yé wa pé ẹni tó mọ ìwọ̀n ilẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ tó lè fi dúró níwájú ẹnikẹ́ni.

Ní Togo, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbà wọ inú ìwé. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Robert Torrens ló dá a sílẹ̀ ní Gúúsù Australia ní ọdún 1858 pé kí ìwé ìjọba kan ṣoṣo máa sọ ẹni tó ni ilẹ̀, kí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì borí gbogbo àròyé. Àwọn Faransé mú irú àṣà yìí wọ àwọn ilẹ̀ wọn ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà pẹ̀lú òfin ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1906, wọ́n sì nà án dé Togo ní ọdún 1922, lẹ́yìn tí ogun ti gba ilẹ̀ náà lọ́wọ́ àwọn ará Jámánì. Òfin ọjọ́ 6 oṣù Kejì ọdún 1974 tún un tò. Òfin ilẹ̀ ti ọjọ́ 14 oṣù Kẹfà ọdún 2018 ló sì wà lójú iṣẹ́ báyìí. Ìwé tó lágbára jù nínú gbogbo rẹ̀ ni titre foncier, abẹ́ àkóso OTR, iléeṣẹ́ tó ń gba owó orí ní Togo, sì ni àwọn tó ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti àwòrán ilẹ̀ wà.

Kí ìwé náà tó lè sọ òdodo, awọnlẹ̀ gbọ́dọ̀ ti fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ ilẹ̀. Yóò pe àwọn aládùúgbò, yóò wá àwọn òpó símẹ́ńtì kékeré tí wọ́n rì mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, yóò sì wọ̀n láti òpó dé òpó. Pílọ́ọ̀tì kan tí wọ́n ń pè ní lot ní Lomé a máa jẹ́ mítà 20 ní ìbú àti mítà 30 ní òòró, ìyẹn mítà 600 níbùú lóòró. Ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ìwé pe é ní 600 kí okùn má sì bá a bẹ́ẹ̀, tàbí kí ilé ìdáná ti fi ẹsẹ̀ kan sínú ilẹ̀ aládùúgbò láti ọjọ́ pípẹ́ láìsí ẹni tó wí nǹkan kan, nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ àti ẹni tó ni ilẹ̀ kejì jẹ́ ọ̀rẹ́. Ọ̀rẹ́ kì í bá ilé lọ sí ọwọ́ ẹni tó rà á. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ilẹ̀ ìdílé ni, ẹnì kan ṣoṣo nínú ìdílé ló sì dá tà á. Bí Èkó ti ń kọ ọ́ sára ògiri pé ilé yìí kì í ṣe títà, bẹ́ẹ̀ ni Lomé ń fi ọ̀dà pupa kọ “litige” sára tirẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ lè mọ̀ pé ẹjọ́ ń bẹ nílẹ̀.

Bí awọnlẹ̀ bá ti ṣe tirẹ̀ tán, ó ku ayẹléwò. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹnu tí ògiri là yẹn gan-an ni ayẹléwò wá wò. Yóò mú òòlù kékeré, yóò máa kan ògiri ní kọ́, kọ́, kọ́, títí yóò fi dé ibi tí ohùn ti yí padà tó ń dún bí igbá òfìfo, ibi tí símẹ́ńtì tí wọ́n fi rẹ́ ògiri ti ṣí kúrò lára búlọ́ọ̀kù. Ìlà tó tín-ín-rín bí irun orí kì í dẹ́rù bà á. Ṣùgbọ́n bí ìlà bá ti igun fèrèsé bẹ̀rẹ̀, tó ń bọ́ sílẹ̀ láti búlọ́ọ̀kù dé búlọ́ọ̀kù bí ẹni ń sọ̀ àkàsọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ìpìlẹ̀, nítorí ilẹ̀ abẹ́ ibẹ̀ ti ń rì. Ilẹ̀ pupa agbègbè yìí, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní terre de barre láti ara ọ̀rọ̀ Potogí tó túmọ̀ sí amọ̀, a máa gbé ilé dáadáa bí ó bá gbẹ. Àgbàrá tí kò ní ojú ọ̀nà ni ọ̀tá rẹ̀.

Kí ó tó lọ, yóò po ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pè ní plâtre, yóò fi ìwọ̀nba rẹ̀ di ojú ìlà náà bí ẹni lẹ egbò, yóò sì kọ ọjọ́ oṣù sí i lára. Bí ilé bá ṣì ń rìn, ìyẹ̀fun tó ti gan náà yóò là sí méjì. Bí ó bá ti dúró, yóò wà bó ti wà. Àwọn bíríkìlà tó ń sọ Faransé ń pe èyí ní témoin, ẹlẹ́rìí, kò sì sí orúkọ tó tún bá a mu ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn ògiri, ojú rẹ̀ á lọ sí irin. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn ènìyàn ti ń kó iyanrìn etí òkun Lomé kọ́lé, kí ìjọba tó fòfin de é ní ọdún 2011 nítorí pé òkun ń jẹ etíkun wọlé. Iyọ̀ inú irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ a sì máa mú kí irin inú kọnkéré dípẹtà, irin á wú, kọnkéré á sì máa já bọ́ láti abẹ́ àjà ní wẹ́wẹ́. Yóò wo òrùlé, yóò wo ọ̀nà omi, yóò sì wọn àárín kànga àti ihò ilé ìgbọ̀nsẹ̀, nítorí ìlera àwọn tó máa mu nínú kànga náà.

Wàyí o, nígbà tí ìwé àbọ̀ bá dé, ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà gan-an ti bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ni òfin sì ti ní ọ̀rọ̀ tó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń rà mọ̀. Ìwé òfin Faransé ti ọdún 1804, èyí tó ṣì jẹ́ òpó òfin ọjà títà ní Togo, sọ ní abala 1641 pé olùtà ló ni ẹ̀bi àléébù tó fara pamọ́ tó sọ ohun títà di aláìwúlò tàbí tó dín ìwúlò rẹ̀ kù gidigidi. Abala 1644 sì fún olùrà láyè láti dá ọjà padà kí ó gba gbogbo owó rẹ̀, tàbí kí ó dá ọjà dúró kí wọ́n dá apá kan owó padà fún un, bí ó bá ṣáà ti pẹjọ́ láìjáfara. Ṣùgbọ́n abala 1642 là á mọ́lẹ̀ pé olùtà kò ru ẹrù àléébù tó hàn sójú, tí olùrà lè fúnra rẹ̀ rí. Ẹni tó rí ìlà lára ògiri tó sì dákẹ́, ó ti rà á mọ́ ilé. Nítorí náà, ìwé àbọ̀ kì í ṣe ohun tí a ń kó sábẹ́ ìrọ̀rí: ohun tó bá ti tú síta gbọ́dọ̀ di ọ̀rọ̀ lórí tábìlì kí ọwọ́ tó kan bíírò.

Ká sọ pé ìyá kan, aláṣọ ní ọjà Assigamé, fẹ́ ra ilé lọ́wọ́ bàbá àgbàlagbà kan ní Zanguéra, tí ìwé àbọ̀ sì sọ pé ìpìlẹ̀ igun ẹ̀yìn ń rì, tí ilé ìdáná sì kọjá ààlà díẹ̀. Bí ìyá náà bá dé ọ̀dọ̀ bàbá, wọn yóò gbé omi fún un kí ẹnikẹ́ni tó bi í ní ohun tó bá wá, yóò mu ún, yóò kí ará ilé, lẹ́yìn náà ni yóò wá sọ ọ́ ní èdè Mina tí gbogbo Lomé fi ń nájà: “Tógbé, ilé yín wù mí. Àwọn tí mo mú wá kò bú u. Wọ́n ní ibi báyìí ń fẹ́ àtúnṣe ni. Ìwé wọn nìyí, ẹ fún àwọn ọmọ yín kí wọ́n kà á fún yín.”

“Ọmọ mi,” ni bàbá yóò wí, “ọwọ́ mi yìí ni mo fi kọ́ ọ. Kò tíì wó.”

“Kò tíì wó, Tógbé, kò sì ní wó. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mo fi wá sọ ọ́ lónìí.”

Ọ̀rọ̀ rere níí yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú níí yọ ọfà lápó. Bí ìyá yìí bá ti pe ilé náà ní ẹ̀gẹ̀rẹ̀mìtì, iyì bàbá ni ì bá bù, ọjà ì bá sì túká. Ṣùgbọ́n nígbà tó jẹ́ ìwé ẹni ẹ̀kẹta ló ń sọ̀rọ̀, àwọn méjèèjì lè jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan náà kí wọ́n jọ kọjú sí ògiri. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà fún wọn. Èkíní, kí bàbá tún un ṣe kí ó tó tà á, kí ayẹléwò sì padà wá wò ó. Èkejì, kí bíríkìlà tí àwọn méjèèjì fọkàn tán ṣírò iye tí àtúnṣe yóò gbà, kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú owó ilé. Ti ààlà ní tirẹ̀ kì í tán nínú owó nìkan, aládùúgbò gbọ́dọ̀ wá bá wọn fọwọ́ sí i. Ẹ̀kẹta, kí ìyá náà dúpẹ́, kí ó sì máa lọ, nítorí a kì í tìtorí ìtìjú sọ ara ẹni di onígbèsè. Èyíkéyìí tí wọ́n bá yàn, inú ìwé notaire ni kí ó wà, nítorí òun ni òṣìṣẹ́ òfin tí àdéhùn ń ti ọwọ́ rẹ̀ di ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè sẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí fún àwọn ará wa tó wà ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn ayẹléwò ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ láti ọdún 1868, ọba sì fún un ní ìwé àṣẹ ní ọdún 1881; níwọ̀n bí àdéhùn kò sì ti di ẹnikẹ́ni mú níbẹ̀ títí tí olùtà àti olùrà yóò fi ṣe pàṣípààrọ̀ ìwé, àkókò tí ìwé àbọ̀ ń jáde ni owó ilé ń gòkè tó ń sọ̀. Kò sí ẹni tó ń ka èyí sí àrífín níbẹ̀.

Ní ọ̀dọ̀ wa, alágbàtà ló sábà máa ń ba ọ̀rọ̀ jẹ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní démarcheur ní Lomé, nítorí pé ọjọ́ tí ọjà bá parí ni òun náà ń jẹun. Yóò ní ẹlòmíràn ń bọ̀ wá sanwó ní ọ̀sán yìí, yóò ní owó àyẹ̀wò jẹ́ ìnáwó òfo. Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ má ṣe gbà fún un. Owó tí ẹ fi ọgbọ̀n ọdún kó jọ nídìí igbá ọjà kò gbọdọ̀ bọ́ sínú ihò nítorí ìkánjú ọ̀sán kan, owó tí ẹ sì máa san fún awọnlẹ̀ àti ayẹléwò kò jẹ́ nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ìpìlẹ̀ tí a tún gbẹ́.

Ní ti ìyá aláṣọ wa àti Tógbé, wọ́n lè bá ara wọn ṣe é báyìí: kí ìyá san èyí tó pọ̀ nínú owó náà, kí ìyókù wà ní ọwọ́ notaire títí òjò tó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹrin yóò fi dá lẹ́yìn oṣù Keje. Nígbà náà ni àwọn méjèèjì yóò jọ dúró ní ẹ̀yìn ilé, níwájú ẹlẹ́rìí funfun tí a kọ ọjọ́ oṣù sí lára. Bí ó bá wà ní odindi, owó tó kù di ti bàbá. Bí ó bá là sí méjì, owó náà ni wọn yóò fi tún ìpìlẹ̀ ṣe. Ẹnikẹ́ni kò ní pe ẹnì kejì ní òpùrọ́, nítorí ògiri ti fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́.