Ìgò Tí Wọ́n Fi Ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin pé ẹni ọdún 71 lóṣù tó kọjá. Awakọ̀ èrò ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, sìgá ni wọ́n sì fi ń lé oorun lọ lójú ọ̀nà Ìbàdàn sí Ìlọrin. Wọ́n ti gbé mọ́tò sílẹ̀. Sìgá ni wọn ò tíì gbé sílẹ̀. Ọmọ wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìgò oògùn kan ránṣẹ́ fún ọjọ́ ìbí náà, ó ní kì í jẹ́ kéèyàn tètè darúgbó. Wọ́n gbé e wá sílé mi ní Mọ́kọ́lá pé kí n bá àwọn ka ohun tó wà lára rẹ̀. Ọdún 31 ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ girama ní kẹ́mísírì, lójú tiwọn, ohunkóhun tí wọ́n bá ti fi lẹ́tà wẹ́wẹ́ kọ, èmi ló ni ín.

Mo wọ jígí. Karotíìnì tí wọ́n yọ lára èso ọ̀pẹ ló wà nínú ìgò náà. Òkè rẹ̀ ni wọ́n kọ "antioxidant" sí gàdàgbà.

Ẹ̀rín pa mí. Ọ̀pẹ kẹ̀! Epo pupa tí à ń rà ní ìgò-ìgò lọ́jà Bódìjà ló ti gba físà lọ sókè òkun, ó wọ kápúsù, ó wá ń pe owó ara rẹ̀ fún wa ní pọ́n-ùn. Àfi bí mo ṣe gbọ́ òórùn sìgá lára ẹ̀wù wọn, ẹ̀rín náà sì tán lẹ́nu mi.

"Ìyá Táyọ̀, ṣé kí n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó?"

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ jókòó ná."

Mo ní kí wọ́n rántí ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí lọ́jọ́ Jímọ̀. Bàtà kún ilẹ̀. Ẹnì kan kírun tán, ó jáde, ó bá ẹsẹ̀ kan ṣoṣo nínú bàtà rẹ̀. Ó ń kánjú, ó ki ẹsẹ̀ bọ ti ẹlòmíràn, ó bá tirẹ̀ lọ. Ẹni tó ni ìyẹn náà jáde, òun náà mú ti ẹlòmíràn. Kò ní pẹ́ tí gbogbo ẹnu ọ̀nà á fi dàrú. Bọ́rọ̀ ṣe rí nínú ara nìyẹn. Ẹlẹ́ktíróònù a máa wà ní méjì-méjì bíi bàtà. Èérún tí ẹnì kejì ẹlẹ́ktíróònù rẹ̀ bá sọnù, á já ti aládùúgbò gbà, aládùúgbò náà á sì di jàgùdà. Ibi tí àwọn jàgùdà yìí ti ń jáde jù ni mitokọ́ńdíríà, ìyẹn àdògán kéékèèké inú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú ti ń sun oúnjẹ di agbára. Iná kì í jó kó má ta pàrà. Àtapàrà yẹn ló ń ba ọ̀rá ara sẹ́ẹ̀lì jẹ́, tó ń ba purotéènì àti DNA jẹ́, bí ọjọ́ bá sì ṣe ń gorí ọjọ́, àtúnṣe kì í bá ìbàjẹ́ mọ́.

Antioxidant ni bàbá àgbàlagbà tó bọ́ bàtà tirẹ̀ fún ẹni tó ń bínú, tó sì fẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé láìbá ẹnikẹ́ni jà. Fítámì C ń ṣe bẹ́ẹ̀, fítámì E náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Aró pupa inú zobo, karotíìnì tó ń jẹ́ kí epo pupa, àti ọ̀pọ̀ nínú ohun tó ń korò tàbí tó ń pa ẹnu pọ̀ nínú ewé àti èso, gbogbo wọn ń ṣe é.

Denham Harman, ará Amẹ́ríkà, ló so ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ọjọ́ ogbó. Oníkẹ́mísírì iléeṣẹ́ epo Shell ni kó tó lọ kọ́ṣẹ́ dókítà, bóyá ìyẹn ló jẹ́ kó máa fi ojú tí àwa oníkẹ́mísírì fi ń wo irin wo ara èèyàn. Ó tẹ èrò rẹ̀ jáde ní 1956: bí irin ṣe ń dógùn-ún lára wa náà ń ṣe, òun là ń pè ní ogbó. Ọmọ ọdún 98 ló kú, ní 2014. Èmi náà fi èrò yẹn kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì dùn ún kọ́. Àwọn oníṣòwò náà gbọ́ ọ, wọ́n ní bó bá jẹ́ ìdógùn-ún ni, ẹ jẹ́ ká máa ta oògùn ìdógùn-ún.

Ìgbà tí wọ́n wá dán an wò lára èèyàn ni ojú tó wálẹ̀. Ní Finland, wọ́n kó ọkùnrin 29,133 jọ, amusìgá ni gbogbo wọn, ọmọ ọdún 50 sí 69. Wọ́n ń fún àwọn kan ní mílígíráàmù 20 beta-carotene, irú karotíìnì kan, lójúmọ́ fún ọdún 5 sí 8. Ìrètí wọn ni pé jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró á dínkù. Ní 1994 tí èsì jáde, ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ló fi lé sí i láàrin àwọn tó lo karotíìnì. Irú ìwádìí kan náà ń lọ lọ́wọ́ ní Amẹ́ríkà. Ní 1996, wọ́n dá a dúró ní oṣù 21 ṣáájú àkókò, torí jẹjẹrẹ náà ti fi ìdá 28 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí wọn ò fún ní nǹkan lọ.

Àlàyé tó wọ̀ mí létí jù ni pé nínú ẹ̀dọ̀fóró tí èéfín kún, karotíìnì fúnra rẹ̀ ń fọ́ wẹ́wẹ́, èéfọ́ rẹ̀ sì ń ṣèjàǹbá. Bàbá àgbàlagbà wa fún wọn ní bàtà títí, òun náà wá di ọ̀kan lára àwọn tó ń já bàtà gbà.

Ẹ̀gbọ́n mi bojú wo ìgò náà bí ẹni wo ejò.

"Ẹ̀fọ́ elépo tí mo jẹ láàárọ̀ ńkọ́?"

Ìbéèrè tó dáa gan-an ni. Láàrin àwọn ará Finland kan náà yìí, àwọn tí karotíìnì pọ̀ nínú oúnjẹ wọn kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀ ni jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró kéré jù láàrin wọn. Karotíìnì inú abọ́ kò ṣe ohun tí ti inú ìgò ṣe. Lóòótọ́, karotíìnì tí wọ́n lò ní Finland, iléeṣẹ́ ló pò ó, ti ẹ̀gbọ́n mi sì wá láti ara ọ̀pẹ. Ṣùgbọ́n n ò ní fi ẹ̀dọ̀fóró ọmọ ìyá mi dán ìyàtọ̀ yẹn wò.

Ohun kan tún wà tí mi ò mọ̀ nígbà tí mò ń kọ́ ọmọ. Ara ní ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀. Ní 1969, McCord àti Fridovich ní Amẹ́ríkà rí iṣẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ náà ń ṣe, ẹ́ńsáìmù tí wọ́n ń pè ní superoxide dismutase, agbára rẹ̀ sì ju ti fítámì lọ fíìfíì. Ariwo tí àwọn ajábàtàgbà ń pa ló ń jí irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀. Ní 2009, àwọn onímọ̀ ní Jámánì ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin máa ṣe eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ 4. Wọ́n fún àwọn kan ní fítámì C àti E tó pọ̀, wọn ò fún àwọn tó kù. Ara àwọn tí wọn ò fún ní nǹkan ló bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ràn sí ínsúlíìnì lẹ́nu dáadáa. Àwọn tó gbé fítámì mì, wọ́n làágùn lásán. Ọ̀rọ̀ ewé náà ò yàtọ̀: ọ̀pọ̀ nínú ohun kíkorò inú rẹ̀, díẹ̀ ló ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Lójú àwọn onímọ̀ òde òní, díẹ̀ yẹn ń kan ilẹ̀kùn ni, ẹ̀ṣọ́ sì ń jí. Ẹ wá wò ó, téèyàn bá ki ewé apẹ̀rẹ̀ kan bọ inú kápúsù kan, ṣé ó kan ilẹ̀kùn ni àbí ó fi òòlù fọ́ ọ?

Orógbó la tún sọ̀rọ̀ dé, nítorí kò sí ìjókòó àgbà tí kì í sí níbẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olatunde Farombi ti Yunifásítì Ìbàdàn ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ lórí kolaviron, ohun tí wọ́n ń yọ lára orógbó, tó ń dáàbò bo ẹ̀dọ̀ eku lọ́wọ́ májèlé. Iṣẹ́ gidi ni. Ṣùgbọ́n eku kì í wakọ̀ lọ sí Ìlọrin.

Ilé ìdáná mi ni mo ti tún ìrìn mi ṣe. Tẹ́lẹ̀, omi mẹ́rin ni mo fi ń fọ ewúro, màá fún un títí omi á fi ṣíwọ́ hó, àfi bíi pé aṣọ ni mò ń fọ̀. Fítámì C máa ń yòrò sínú omi. Omi aláwọ̀ ewé tí mò ń dà sí gọ́tà yẹn kò lọ lọ́wọ́ òfo. Omi méjì ni mo ń lò báyìí. Bàbá Táyọ̀ ní ó korò, mo ní kí wọ́n fi ìyán gbé e lọ. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ náà, bíbọ̀ rẹ̀ kò ju wàrà lọ: Ọ̀jọ̀gbọ́n Ganiyu Oboh ní Àkúrẹ́ wọn àwọn ewébẹ̀ wa kan tí wọ́n bọ̀, fítámì C inú wọn sì dínkù gan-an. Tòmátì yàtọ̀ o. Sísè rẹ̀ pẹ̀lú epo ló ń jẹ́ kí ara rí aró pupa inú rẹ̀ gbà. Ọbẹ̀ ayamáṣe ló dùn mí jù nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀: epo tí a gbé kaná títí pupa rẹ̀ fi ṣá, karotíìnì ló jó lọ yẹn. Mo ṣì ń sè é nígbà ọdún.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgò náà sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Mo bi wọ́n pé sìgá ńkọ́, wọ́n ní àwọn á rò ó. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń kà á, bí ẹni tó ń mu sìgá tàbí tó mu ún rí bá wà nílé yín, ẹ wo ara ìgò fítámì rẹ̀ lónìí. Bí ẹ bá rí "beta-carotene" níbẹ̀, kó gbé e lọ fún apoògùn kó tó gbé òmíràn mì.