Ọ̀pá Ìpẹja Oníkẹ̀kẹ́: Àtàǹpàkò Ni Ìjánu Rẹ̀

Owó ọ̀pá ìpẹja oníkẹ̀kẹ́ kì í ṣe owó àkàrà. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ẹni tí ó rà á ni ó gbé e tì sẹ́yìn ilẹ̀kùn lẹ́yìn ọjọ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ju ìwọ̀ sómi lẹ́ẹ̀kan, okùn lọ́ mọ́ra bí irun dàda. Wọ́n fi ọ̀bẹ gé e, wọ́n tún un ṣe, wọ́n tún jù ú, ó tún lọ́. Ni wọ́n bá ní ọjà gbàrọgùdù ni wọ́n tà fún àwọn. Ẹ̀rọ náà kò ṣẹ̀ wọ́n. Ẹ̀kọ́ ọwọ́ ni kò sí níbẹ̀, ẹ̀kọ́ náà kò sì gbà ju ìrọ̀lẹ́ mélòó kan lọ lórí pápá gbígbẹ, kí ènìyàn tó dé etí ọ̀sà rárá.

Oríṣi kẹ̀kẹ́ okùn méjì ni ó wọ́pọ̀. Èkíní a máa rọ̀ sí abẹ́ ọ̀pá. Kì í yí nígbà tí a bá ju ìwọ̀, okùn a kàn máa yọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Alfred Illingworth, ni ó gba ìwé àṣẹ irú rẹ̀ ní 1905. Èkejì, tí a ń wí lónìí, a máa jókòó sórí ọ̀pá, òun fúnra rẹ̀ a sì máa yí bí okùn ti ń jáde. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà wà. Ẹ bi àwọn télọ̀ léèrè: bí a bá fa òwú bọ́bìnì gìrì, tí a sì dáwọ́ dúró lójijì, bọ́bìnì kì í dúró, yóò máa yí lọ, òwú yóò sì tú dà sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti kẹ̀kẹ́ yìí. Nígbà tí òjé bá fò lọ, ó ń fa okùn, kẹ̀kẹ́ ń sáré. Afẹ́fẹ́ wá ń dín eré òjé kù díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n kẹ̀kẹ́ kò mọ̀, ó ń sáré síbẹ̀, okùn tí ó ń tú sílẹ̀ sì pọ̀ ju èyí tí òjé ń fà lọ. Àtàǹpàkò tí a fi lé orí okùn ni yóò sọ fún un pé ó tó.

Bí ó bá ní wàhálà tó bẹ́ẹ̀, kí ni a fẹ́ fi ṣe? Ó lágbára. Ó gba okùn tí ó nípọn, ó gba òjé tí ó wúwo, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá sì ti mọ̀ ọ́n lè ju ìjẹ sí ibi tí ojú rẹ̀ ń wò gan-an.

Àwọn aláago ni ó pọ̀ nínú ìtàn ẹ̀rọ yìí. George Snyder, ẹni tí a ń kà sí ẹni àkọ́kọ́ tí ó ṣe irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní nǹkan bí ọdún 1810 sí 1820, aláago àti alágbẹ̀dẹ fàdákà ni ní ìlú Paris (kì í ṣe Paris ilẹ̀ Faransé o, ti ìpínlẹ̀ Kentucky ni). Ó fi eyín irin bí ti aago sínú rẹ̀, kí kẹ̀kẹ́ lè yí lọ́pọ̀ ìgbà bí a bá yí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ní ilẹ̀ Sweden, aago àti mítà tákísí ni iléeṣẹ́ ABU ní ìlú Svängsta, tí a dá sílẹ̀ ní 1921, ń ṣe tẹ́lẹ̀. Ogun Àgbáyé Kejì dé, ọjà mítà tákísí kú, wọ́n bá yíjú sí kẹ̀kẹ́ ìpẹja. Ambassadeur wọn, tí ó jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká láàárín àwọn apẹja. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé inú rẹ̀ dà bí inú aago kò ní gbé e sórí iyanrìn.

Kí ẹ tó mú owó jáde, ẹ bi ara yín pé ẹja wo ni ẹ ń wá. Bí ó bá ṣe epìyà ni, ẹ má ra kẹ̀kẹ́ yìí. Ẹnu epìyà kéré. Ọ̀pá oparun, ìwọ̀ kékeré àti ekòló kan ti tó o, ìjẹ tí ó fúyẹ́ bẹ́ẹ̀ kò sì lè fa kẹ̀kẹ́ yìí yí. Ọ̀bọ̀kún ni ó yẹ ẹ́, nítorí ìsàlẹ̀ omi ni ó ti ń jẹ̀, òjé wúwo ni yóò sì gbé ìjẹ dé ibẹ̀. Kúta náà yẹ ẹ́, lọ́hùn-ún níhà ẹnu òkun, ṣùgbọ́n eyín kúta mú: bí kò bá sí wáyà díẹ̀ láàárín ìwọ̀ àti okùn, yóò gé e lọ.

Ọ̀pá tí ó gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 6½ sí 7 ni ó rọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ́rùn. Wọn a máa kọ ìwọ̀n òjé àti okùn tí ó lè gbà sí ara rẹ̀ nítòsí ìdí. Okùn pọ́ùn 12 sí 20 dára fún ọ̀sà wa. Ẹ̀yin oníṣòwò, bí ẹ ti ń yẹ aṣọ wò sí oòrùn ni kí ẹ yẹ ọ̀pá wò. Ẹ mú òwú rírọ̀ díẹ̀, ẹ fà á gba inú àwọn òrùka tí okùn ń gbà kọjá, lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ó bá fa òwú ya ti sán, yóò sì máa gé okùn yín. Ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ kí ẹ sì dẹtí: kò gbọdọ̀ dún bí ẹni ń lọ gaàrí. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n kọ 6.3:1 sí i lára, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé yíyí ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò yí kẹ̀kẹ́ ju ẹ̀ẹ̀mẹ́fà lọ. Èyí dára fún ìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí àwọn òǹtajà kì í sábà sọ ni pé ti ọlọ́wọ́ ọ̀tún wà, ti ọlọ́wọ́ òsì sì wà. Ẹ dì í mú bí ẹni ń pẹja kí ẹ tó sanwó.

Ó wá ku ẹ̀kọ́. Olùkọ́ ní àǹfààní níhìn-ín, nítorí pápá iléèwé a máa ṣófo ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ so òjé tí ó wúwo tó gíráàmù 14 mọ́ okùn, láìsí ìwọ̀. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí kẹ̀kẹ́, ẹ tẹ bọ́tìnì tí ń tú u sílẹ̀, ẹ wá gbé àtàǹpàkò kúrò. Bí òjé bá já lulẹ̀ wìì tí kẹ̀kẹ́ sì ń sáré lọ, ẹ fún kókó kékeré tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ rẹ̀ díẹ̀. Bí òjé kò bá sọ̀ rárá, ẹ dẹ̀ ẹ́. Ohun tí a ń wá ni kí òjé máa sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, kí kẹ̀kẹ́ sì dúró bí ó ti kanlẹ̀. Ìgbàkígbà tí ẹ bá pààrọ̀ òjé, ẹ tún èyí ṣe. Ìjánu mìíràn wà ní ẹ̀gbẹ́ kejì, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ẹ gbé e sókè gan-an ní ọjọ́ kìíní, kí ẹ máa dín in kù bí ọwọ́ ti ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́. Ẹ gbé ọ̀pá sẹ́yìn lórí èjìká, ẹ fì í síwájú láìfi agbára, nígbà tí ó bá sì ti ré orí kọjá, ẹ dẹ àtàǹpàkò. Ẹ má gbé e kúrò pátápátá. Kí ó máa kan okùn fẹ́rẹ́. Kí òjé tó kanlẹ̀, ẹ tẹ kẹ̀kẹ́ dúró. Bí ó bá di ẹ̀yìn rẹ̀, ó ti pẹ́. Ìṣísẹ̀ 10 ti tó lọ́jọ́ kìíní, kí ẹ tó wá 20. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àgbà kan lè ní ẹja gbígbẹ kò ṣeé ká, ṣùgbọ́n sùúrù àgbà gan-an ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ọ̀dọ́ tí ń fi agbára jù ú ni okùn rẹ̀ ń lọ́ jù. Ẹni tí ó bá sì ti fi okùn ọwọ́ lásán pẹja rí ti mọ̀ ju bí ó ti rò lọ, nítorí ìka rẹ̀ ni ó fi ń dá okùn dúró láti ọjọ́ yìí wá.

Bí okùn bá lọ́, ẹ má sáré mú ọ̀bẹ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ orí kókó náà ṣinṣin, ẹ yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ bí ẹ̀ẹ̀mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ wá rọra fa okùn jáde. Lọ́pọ̀ ìgbà yóò tú fúnra rẹ̀. Ẹ tún un ṣe bí kò bá tú.

Nígbà tí ọwọ́ bá ti dá yín lójú, ọ̀sà kò jìnnà sí Yábà. Ọ̀pọ̀ ibẹ̀ kò jìn tó mítà 3, nítorí náà a kò nílò òjé ńlá. Ní ìgbà òjò, omi odò a máa sọ ọ̀sà di aláìníyọ̀, òṣíbàtà a sì bo ojú rẹ̀ tí ìwọ̀ kì í fi í ráyè. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tí iyọ̀ bá padà, òṣíbàtà a kú, ojú omi a sì mọ́. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni kí ẹ lọ. Ẹ má ṣe dúró lórí Afárá Third Mainland, tí a parí ní 1990, láti ju ìwọ̀. Mọ́tò kò ní rí yín, ìwọ̀ tí ẹ sì fì sẹ́yìn lè wọ ojú ẹlòmíràn. Yunifásítì Èkó ní Akọka kọjú sí ọ̀sà, ṣùgbọ́n ọgbà tí ó ní ẹ̀ṣọ́ ni, ẹ gba àyè kí ẹ tó gbé ọ̀pá wọ ibẹ̀. Bí ẹ bá gba ọkọ̀ ní Mákòókó, ẹ wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, bí ẹ tilẹ̀ mọ̀ wẹ̀. Bí ẹ bá rí ibi tí wọ́n ri ẹ̀ka igi mọ́lẹ̀ nínú omi, àkájà ni. Ẹnìkan ni ó kó igi náà síbẹ̀ kí ẹja lè sá wọ inú rẹ̀. Oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ni, bí oko ẹlòmíràn ni ó rí. Ẹ má ju ìwọ̀ sí i. Ẹ kí àwọn Ègùn àti Ìlàjẹ tí ẹ bá bá lójú omi, kí ẹ sì bi wọ́n léèrè ibi tí ọ̀bọ̀kún wà. Wọ́n mọ̀ ọ́n ju ìwé èyíkéyìí lọ.

Bí ẹ bá délé, kí ẹ tó yan ẹja, ẹ fi omi kànga tàbí omi ẹ̀rọ ṣan kẹ̀kẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ má rì í sómi. Ẹ fi aṣọ nù ún, ẹ kán òróró ẹ̀rọ kan sí ibi tí ó ti ń yí, kí ẹ sì dẹ ìjánu tí ń dá ẹja dúró kí ó tó sùn mọ́jú.