"Ó Tóbi" àti "Ó Pọ̀": Ọ̀rọ̀ fún Àwòrán Kókó Nínú Ara Ẹranko Alààyè

Bí òbí kan bá wí ní Bẹẹrẹ tàbí Ọjà'ba pé kókó yọ sí ọmọ òun ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, kò sí ẹni tí kò ní mọ ohun tí ó ń wí. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ sáyẹ́ǹsì gba ọ̀rọ̀ náà wọlé, kí a sì fi àmì ohùn sí i, kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà kà á sí kòkó tí a ń tà tàbí kókò tí a ń sè. Kì í ṣe gbogbo kókó ni jẹjẹrẹ.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tí yóò tẹ̀lé e ni ìṣòro. Bí a bá ní kókó "dàgbà", ohun tí ó dàgbà a máa gbó. Sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kì í gbó. "Wú" náà kò tó, nítorí ibi tí a fi igi gbá a máa wú.

Ẹ jẹ́ kí a wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Tẹ́lẹ̀ rí, onímọ̀ a máa fi irin wọn gígùn àti ìbú kókó lára èkúté, tàbí kí ó pa èkúté kan lónìí, òmíràn lọ́la. Ní ọdún 1985 ni a ṣe ẹ̀dà jíìnì tí tanátaná fi ń tàn lálẹ́. Lónìí, a lè fi jíìnì yìí sínú sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ kí a tó fi í sára èkúté. A ó fún èkúté ní oògùn oorun, a ó fi èròjà lùsífẹ́rìn gún un lábẹ́rẹ́, a ó sì gbé e sínú àpótí tí ó ṣókùnkùn biribiri, lábẹ́ kámẹ́rà. Sẹ́ẹ̀lì tí ó wà láàyè nìkan ni yóò tàn, nítorí ìmọ́lẹ̀ náà ń fẹ́ ọ́síjìn àti agbára inú sẹ́ẹ̀lì. Èkúté kan náà ni a ó tún yà lọ́sẹ̀ tí ń bọ̀. Pupa tí a rí lórí àwòrán kì í ṣe àwọ̀ kókó. Kọ̀ǹpútà ni ó fi í ṣe àmì iye ìmọ́lẹ̀.

Nítorí náà, irin wí pé kókó tóbi. Kámẹ́rà wí pé sẹ́ẹ̀lì alààyè rẹ̀ pọ̀. Kókó lè tóbi kí ọ̀pọ̀ sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ti kú. Ó sì lè pòórá lójú kí díẹ̀ ṣì kù.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Ìbàdàn gbọ̀ngbọ̀n. Ní ọdún 1958 ni Denis Burkitt kọ̀wé nípa kókó ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn ọmọdé ní Uganda. Ìwé àkọsílẹ̀ jẹjẹrẹ tí a bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọdún 1960 fi hàn pé òun ni ó wọ́pọ̀ jù nínú jẹjẹrẹ àwọn ọmọdé níbí nígbà náà. Sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè di ìlọ́po méjì láàrin ọjọ́ kan sí méjì, bẹ́ẹ̀ ni oògùn a máa tètè mú un rọ̀. Bí olùtumọ̀ bá wí fún ìyá kan láti Màpó pé "kókó ti lọ", ìyá lè gbé ọmọ rẹ̀ lọ sílé láìpadà wá gba ìyókù oògùn. Bí ó bá wí pé "kókó kò tóbi mọ́, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ lè ṣẹ́kù", ìyá yóò mọ ìdí tí òun fi gbọ́dọ̀ padà.

Àbá wa nìyí: "tóbi" fún ìwọ̀n kókó, "pọ̀" fún sẹ́ẹ̀lì rẹ̀, "òjìji" fún ohun tí ẹ̀rọ ẹ́síréè ń yà, "àwòrán ìmọ́lẹ̀" fún èyí. Ẹ̀yin olùkọ́ àti olùtumọ̀, ẹ dán an wò.