Ọkọ̀ tí ń lọ́ra lẹ́yìn yíyọ kátálíìsì: bí a ṣe ń wá ohun tó ń ṣe é ní Nangbéto

1. Ìfáárà

Àpilẹ̀kọ yìí dá lórí ìbéèrè kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn awakọ̀ ní Nangbéto, létí odò Mono, ní agbègbè Atakpamé: “A ti yọ kátálíìsì, kí ló dé tí mọ́tò ò fi fẹ́ lọ?” Ìsédò tó ń pèsè iná mànàmáná fún Tógò àti Bẹ̀nẹ̀ ló sọ Nangbéto di ìlú-mọ̀ọ́ká, iṣẹ́ rẹ̀ parí ní 1987, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 65. Ṣùgbọ́n mọ́tò àlòkù ni ará ibẹ̀ fi ń gbé ẹja, iṣu àti èrò lọ sí ọjà.

Ìlọ́ra tí mò ń sọ ni pé awakọ̀ tẹ tọ́tù, ẹ́ńjìnnì kọ́kọ́ dákẹ́ bí ẹni tó gbàgbé ohun tó fẹ́ sọ, kó tó wá gbéra. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín. Ẹni tó bọ́ síta láti ya tírélà sílẹ̀ lójú ọ̀nà Lomé sí Atakpamé, tí ẹ́ńjìnnì sì kọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá méjì, ẹ̀mí gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Èrò mi ni pé yíyọ kátálíìsì fúnra rẹ̀ kì í sábà fa ìlọ́ra. Nǹkan méjì ló sábà ń fà á: ohun tí ọwọ́ bà lọ́jọ́ tí wọ́n ń yọ ọ́, tàbí àìsàn àtijọ́ tó pa kátálíìsì náà.

2. Kí ni kátálíìsì ń ṣe, kí ló dé tí wọ́n fi ń yọ ọ́?

Kátálíìsì jẹ́ àgbá irin kékeré lójú ọ̀nà èéfín. Inú rẹ̀ rí bí afárá oyin, wọ́n sì fi platinum, palladium àti rhodium pa á lára. Nígbà tó bá gbóná tó nǹkan bí ìwọ̀n 300 lórí òṣùwọ̀n Celsius, á sọ kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì, èyí tí í ṣe májèlé, di kábọ́ọ̀nù dayọ́ksáìdì. Á tún jó epo tí kò jó tán nínú ẹ́ńjìnnì.

Àwọn irin wọ̀nyí wọ́n. Ní 2021, owó rhodium fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 30,000 dọ́là fún áńsì kan. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gé kátálíìsì lára ọkọ̀ àlòkù kó tó wọ ọkọ̀ ojú omi tàbí lẹ́yìn tó bá gúnlẹ̀. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká sọ ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, Yúróòpù, Japan àti Amẹ́ríkà kó ọkọ̀ àlòkù mílíọ̀nù 14 jáde, nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún sì wá sí Áfíríkà.

Ìdí kejì ni pé kátálíìsì lè dí. Èéfín ò ní ríbi gbà, ọkọ̀ á wúwo. Bí wọ́n bá gé e kúrò, ọkọ̀ á fúyẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan, olówó á dúpẹ́. Kò ní pẹ́ tí ìlọ́ra á fi dé.

3. Sẹ́ńsọ̀ méjì, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọ̀pọ̀ mọ́tò elépo bẹntiróò ní sẹ́ńsọ̀ ọ́ksíjìn méjì. Tiwájú wà kí èéfín tó dé kátálíìsì; tẹ̀yìn wà lẹ́yìn rẹ̀. Tiwájú ló ń sọ fún kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bóyá epo pọ̀ jù tàbí afẹ́fẹ́ ló pọ̀ jù. Lára irú èyí tó wọ́pọ̀, iná rẹ̀ máa ń lọ sókè sódò láàárín fóòtì 0.1 àti 0.9. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti fi epo kún tàbí láti dín in kù.

Iṣẹ́ tẹ̀yìn jù lọ ni láti ṣọ́ kátálíìsì. Bí kátálíìsì ò bá sí mọ́, á fi ẹ̀sùn kàn án: àmì P0420 á jáde, iná ẹ́ńjìnnì á tàn. Nítorí náà, P0420 lẹ́yìn yíyọ kátálíìsì kò yani lẹ́nu, kì í sì í sábà jẹ́ ohun tó ń fa ìlọ́ra. Ẹni tó bá torí rẹ̀ ra sẹ́ńsọ̀ ẹ̀yìn tuntun ń fi owó ṣòfò.

4. Àpẹẹrẹ kan

Bàbá awakọ̀ kan gbé Toyota oní-sílíńdà mẹ́rin wá sí ọgbà mẹkáníìkì tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Wọ́n ti gé kátálíìsì méjèèjì kúrò, wọ́n sì ti jó páìpù sí ipò wọn. Ó ní, “Tíṣà, sẹ́ńsọ̀ méjì ni mo ti rà, kò yí padà.” Mo ní, “Bàbá, ẹ má rà á mọ́. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ ohun tí páìpù yìí ń sọ.”

Skánà fi àmì mẹ́ta hàn: P0420, P0171, tó túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà rò pé afẹ́fẹ́ pọ̀ jù, àti P0303, pé sílíńdà kẹta ń pa iná jẹ. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì rọra ń ṣiṣẹ́, kọ̀ǹpútà ń fi epo ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún kún ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tí a sáré rẹ̀ dé 2,500, àfikún náà wá sí 4. Afẹ́fẹ́ tó ń yọ́ wọlé ló sábà ń rí báyìí.

A fi àkísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà díẹ̀, a sì tẹ́tí. Ariwo “ṣíì” ń jáde níbi tí páìpù tuntun ti pàdé ẹ́ńjìnnì, ṣáájú sẹ́ńsọ̀ iwájú. Wọn ò fi gásíkẹ́ẹ̀tì síbẹ̀. Èéfín kì í jáde gẹ́gẹ́ bí omi odò; ó ń jáde ní ìpele-ìpele, láàárín ìpele kan sí èkejì, ihò yẹn á fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé. Sẹ́ńsọ̀ rí ọ́ksíjìn, ó parọ́ láìmọ̀, kọ̀ǹpútà sì da epo lé ẹ́ńjìnnì lórí.

Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun sọ àfikún epo di 3. Ìlọ́ra dín kù, ṣùgbọ́n kò tán. Ìgbà yẹn la wá gba kọ́ìlì sílíńdà kẹta yẹ̀ wò: ó ti sán. Epo tí sílíńdà yẹn ò jó ló ti ń lọ jó nínú kátálíìsì fún ìgbà pípẹ́, tó fi yọ́, tó sì dí. Wọ́n gé òkú sọnù, wọ́n fi apànìyàn sílẹ̀. Nígbà tí a pààrọ̀ kọ́ìlì, ọkọ̀ gbéra.

5. Bí ó ṣe yẹ kí a tò ó

(i) Ka àmì kí o tó pa á rẹ́. Ya P0420 sọ́tọ̀, kí o sì wo àwọn tó kù.

(ii) Wo ohun tí ọwọ́ bà: gásíkẹ́ẹ̀tì, ojú ìjó, wáyà sẹ́ńsọ̀ tí iná lè ti jó, àti orí wáyà iwájú àti ẹ̀yìn tí wọ́n lè ti fi ṣe pàṣípààrọ̀. Ṣé sẹ́ńsọ̀ iwájú ṣì wà níbi tó yẹ? Ṣé họ́ọ̀sì afẹ́fẹ́ kankan já?

(iii) Wo àìsàn àtijọ́: plọ́ọ̀gì, kọ́ìlì, ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ń jẹ.

(iv) Wo sàlẹ́ńsà. Èérún kátálíìsì tó fọ́ lè ti lọ dí i. Yọ sẹ́ńsọ̀ iwájú, fi gẹ́ẹ̀jì sínú ihò rẹ̀. Bí ìwọ̀n bá kọjá nǹkan bí psi 3 ní 2,500, ọ̀nà ṣì dí.

(v) Wo epo àti eruku. Epo inú ìgò tí à ń pè ní boudè lè ní omi àti ìdọ̀tí nínú; eruku ọyẹ́ sì lè bo sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́.

6. Ìgúnlẹ̀

Bàbá náà béèrè bóyá ó di dandan kí òun fi kátálíìsì míràn sí i. Mo sọ fún un pé ẹ́ńjìnnì á máa lọ láìsí i, àmọ́ èéfín rẹ̀ á máa pa àwọn ará ọjà lára. Mo tún sọ pé ihò gásíkẹ́ẹ̀tì yẹn lè rán kábọ́ọ̀nù mọnọ́ksáìdì sínú ọkọ̀. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀; ẹni tó bá fà á símú á kàn rò pé oorun ló ń kun òun. Nítorí náà, mẹkáníìkì tó bá jó páìpù sí ipò kátálíìsì kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ kúrò nínú ọgbà kó tó fi àkísà dí ẹnu sàlẹ́ńsà, kó sì tẹ́tí sí gbogbo oríkèé páìpù. Kò gba ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní fáránkì kan.