Adájọ́ Eré Kẹ̀kẹ́ àti Kẹ̀kẹ́ Àfẹ̀yìntìgùn

Kí eré kẹ̀kẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù, kí ọ̀gbẹ́ni eléré tó gbé ẹsẹ̀ lé pẹ́dà, kí àwọn èrò ìwòran tó hó yèè, ẹnìkan wà tí ó ti dá ẹjọ́ tirẹ̀ tán: ẹni náà ni adájọ́ tí ó dúró ti irin ìwọ̀n, tí ó ń gbé kẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan lé e, tí ó ń wo ibi tí imú ìjókòó dé sí ìdí pẹ́dà, ìyẹn ibi tí ọ̀pá pẹ́dà ti ń yí, tí ó ń wo bí ó ti wúwo tó, nítorí kẹ̀kẹ́ tí kò bá tó kílò 6.8 kò gbọdọ̀ wọ pápá, èyí tí ìbú táyà rẹ̀ láti etí kan dé èkejì kò bá sì sí láàrin sẹ̀ǹtímítà 55 sí 70, ilé ni yóò padà sí. Àwọn oníròyìn kì í sábà dárúkọ adájọ́ yìí. Eléré ni wọ́n ń kì, eléré ni wọ́n ń gbé gẹ̀gẹ̀. Ṣùgbọ́n lójú tèmi, òun ni alágbára jù lọ nínú gbogbo àwọn tí ó wà ní pápá, nítorí pé eléré lè ta eléré ẹgbẹ́ rẹ̀ yọ, ṣùgbọ́n kò sí bí ẹsẹ̀ ènìyàn ti lè yá tó tí yóò fi borí òfin tí ó sọ pé ohun tí ó gùn wá kì í ṣe kẹ̀kẹ́.

Ẹjọ́ tí ó lókìkí jù nínú irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ni èyí tí wọ́n dá fún kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntìgùn, èyíinì ni kẹ̀kẹ́ tí a kì í bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọwọ́ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé ńṣe ni a ń fẹ̀yìn ti ìjókòó bí ẹni tí ó rọ̀gbọ̀kú sórí àga lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, tí ẹsẹ̀ méjèèjì nà síwájú, tí pẹ́dà sì wà níwájú ẹni tí ń gùn ún, kì í ṣe ní abẹ́ ìdí. Charles Mochet, ọmọ ilẹ̀ Faransé kan tí ó ń ṣe ọkọ̀ kéékèèké tí a ń fi ẹsẹ̀ wà, ni ó ṣe èyí tí ó dá awuyewuye sílẹ̀, ó sì fà á lé Francis Faure lọ́wọ́, eléré kan tí ẹnikẹ́ni kò kà mọ́ àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ ìgbà náà. Ní ọjọ́ 7 oṣù Keje, ọdún 1933, Faure gun kẹ̀kẹ́ yìí fún wákàtí kan gbáko ní pápá eré kan ní Paris, ó sì rin kìlómítà 45.055. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe kọjá kìlómítà 44.247 tí Oscar Egg, ọmọ Switzerland, fi kẹ̀kẹ́ àbẹ̀rẹ̀gùn rìn ní 1914, tí gbogbo akọni pápá ti ń sá sí fún ọdún mọ́kàndínlógún tí apá wọn kò ká a! Kí oṣù Kẹjọ ọdún yẹn tó parí, eléré méjì mìíràn fi kẹ̀kẹ́ àbẹ̀rẹ̀gùn kọjá ibi tí Egg dé, ṣùgbọ́n wọn kò dé ibi tí Faure dé. Orúkọ ta ni kí a wá kọ sínú ìwé?

Àwọn àgbààgbà ẹgbẹ́ UCI, tí ó ti ń ṣàkóso eré kẹ̀kẹ́ lágbàáyé láti 1900, jókòó lé ọ̀rọ̀ náà ní 1934. Ìwọ̀n ni wọ́n fi ṣe ẹjọ́. Wọ́n ní ìdí pẹ́dà gbọ́dọ̀ ga láti ilẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 24 ó kéré tán, kò sì gbọdọ̀ ju 30 lọ. Wọ́n ní imú ìjókòó kò gbọdọ̀ fi ju sẹ̀ǹtímítà 12 lọ wà lẹ́yìn ìdí pẹ́dà. Ẹni tí ó bá mọ tinú-tòde kẹ̀kẹ́ yóò rí i lójú ẹsẹ̀ pé kẹ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni ìwọ̀n wọ̀nyí bá mu, ìyẹn èyí tí gbogbo ilé-iṣẹ́ ńláńlá ìgbà náà ti ń ṣe tí wọ́n sì ti ń tà. Ẹni tí ó fi kẹ̀kẹ́ àbẹ̀rẹ̀gùn dé kìlómítà 44.777 ni wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n sì ya ti Faure sọ́tọ̀. Mochet kú ní ọdún náà gan-an. Nígbà tí kò sí eré tí a lè fi irú kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ sá, kò sí ọ̀dọ́ tí yóò kọ́ ọ, kò sí oníṣòwò tí yóò kó o sí ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ ọpọlọ náà sì sùn bí ẹni tí kò ní jí mọ́ fún nǹkan bí ogójì ọdún.

Ìdí tí ẹgbẹ́ náà ń sọ fún ayé ni ó yẹ kí a yẹ̀ wò dáadáa. Ní ìlú Lugano ní Switzerland, ní 1996, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìlànà kan tí ó wí pé ènìyàn ni kí ó jẹ́ olórí nínú eré kẹ̀kẹ́, kí ẹ̀rọ tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ rere ni, n kò sì ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀, nítorí pé bí a bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, olówó ni yóò máa gba ife lọ sílé lọ́dọọdún. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó fọwọ́ sí ìwé yìí náà ni wọ́n ń wo eléré tí a gbé lọ sínú yàrá tí ẹ̀rọ ti ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lára láti àárọ̀ títí di alẹ́, kí a lè mọ bí aṣọ rẹ̀ yóò ti rọ̀ mọ́ ara àti bí akoto rẹ̀ yóò ti gún. Wọ́n ń wo kẹ̀kẹ́ tí owó rẹ̀ tó owó mọ́tò, wọ́n sì ń ní kí ó kọjá. Òfin wọn ní ibi mẹ́ta péré ni ara eléré lè fi lé kẹ̀kẹ́: ẹsẹ̀ lórí pẹ́dà, ọwọ́ lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ìdí lórí ìjókòó. Ẹ̀yìn kò sí níbẹ̀. Ohun tí ẹ̀yìn ṣe tí ó fi sọ ènìyàn di ẹ̀rọ, tí aṣọ olówó iyebíye kò ṣe, n kò tíì rí àlàyé tí ó tẹ́ mi lọ́rùn lórí rẹ̀.

Ọmọ Scotland kan wà tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe kẹ̀kẹ́, tí ó yọ irin kan lára ẹ̀rọ ìfọṣọ sí i, tí ó ká apá sábẹ́ àyà láti fi sá fún afẹ́fẹ́, tí ó sì gba ipò kìn-ín-ní lágbàáyé nínú eré wákàtí kan ní 1993, láìsí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan lẹ́yìn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ àbẹ̀rẹ̀gùn ni tirẹ̀. Síbẹ̀ ní ọdún kejì wọ́n fi òfin de bí ó ti ń jókòó. Bí ó bá jẹ́ pé owó ni òfin ń bẹ̀rù, òtòṣì yìí ni ìbá kọ́kọ́ dáàbò bò. Ẹ̀rí yìí ni mo fi ń sọ pé ohun tí adájọ́ ń ṣọ́ ní tòótọ́ ni àwòrán kẹ̀kẹ́ tí ojú ti mọ́ra.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, àwọn tí UCI tì sóde sì la ọ̀nà tiwọn. Ní 1975, ní Irwindale ní ìpínlẹ̀ California, wọ́n pe ìdíje kan tí a kò ti ní bi ẹnikẹ́ni léèrè bí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti rí. Nígbà tí ó sì di 1976 wọ́n dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ lórí òfin kan tí ó ju gbogbo òfin lọ, pé agbára iṣan ènìyàn nìkan ni kí ó máa gbé ọkọ̀ náà. Kò pẹ́ tí àwọn náà fi ní adájọ́ tiwọn. Adájọ́ tiwọn kì í wọn kẹ̀kẹ́, ojú ọ̀nà àti afẹ́fẹ́ ni ó ń wọ̀n: mítà 200 ni a fi ń mọ eré tí ó yá jù, ọ̀nà náà kò gbọdọ̀ da gẹ̀rẹ́ ju bí ó ti yẹ lọ, atẹ́gùn kò sì gbọdọ̀ máa ti ènìyàn lẹ́yìn. Ní Battle Mountain, nínú aṣálẹ̀ Nevada, ní 2016, ọmọ Kánádà kan ti inú kẹ̀kẹ́ tí ìkarahun bò látòkè délẹ̀ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sá eré tí ó tó kìlómítà 144.17 ní wákàtí kan. Ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn ni o! Kò sí ẹ́ńjìnnì, kò sí epo.

Àwọn olólùfẹ́ kẹ̀kẹ́ yìí náà a máa sọ àsọdùn, ó sì yẹ kí a bá wọn wí. Wọn a ní ní 2016, ní ilẹ̀ Jámánì, ẹnìkan fẹ̀yìn tì fún wákàtí kan ó rin kìlómítà 92.43, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó gun kẹ̀kẹ́ àbẹ̀rẹ̀gùn dé ibi tí ó jìnnà jù ní 2022 kò ju kìlómítà 56.792 lọ, wọn a wá ní ìfẹ̀yìntì ni ó fa ìyàtọ̀ náà. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìkarahun ni ó ṣe èyí tí ó pọ̀ jù níbẹ̀. Afẹ́fẹ́, ọba àìrí tí ń mi igbó kìjikìji, ni ọ̀tá ẹni tí ń sá eré kẹ̀kẹ́: bí eré bá di ìlọ́po méjì, ìdènà rẹ̀ a di ìlọ́po mẹ́rin, agbára tí ẹsẹ̀ yóò fi borí rẹ̀ a sì di ìlọ́po mẹ́jọ. Ìkarahun tí a gbẹ́ dáadáa a tan afẹ́fẹ́ kọjá lọ́nà tí ìfẹ̀yìntì nìkan kò lè gbà ṣe é. Bí a bá ṣí ìkarahun kúrò, àǹfààní ṣì wà, ṣùgbọ́n kò tó ohun tí à ń pariwo.

Ohun kan tún wà tí ìhà méjèèjì ń gbójú fò: kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntìgùn kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tí ó gùn, tí táyà iwájú rẹ̀ wà níwájú pẹ́dà, a máa rìn pẹ̀lú ìfarabalẹ̀, kòtò kì í sì gbọ̀n ọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n láti yí i padà ní ọ̀nà tóóró, iṣẹ́ ni. Èyí tí ó kúrú, tí táyà iwájú wà lábẹ́ orúnkún, a máa yí wéré, ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra a máa ta gọ́ọ́gọ́ọ́ títí eré yóò fi mú un dúró. Èyí tí ó sún mọ́lẹ̀ pẹ́kípẹ́kí ni ó yá jù lójú ọ̀nà títẹ́jú, ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ́rí rẹ̀ lójijì, gìgísẹ̀ a máa kọlu táyà iwájú, awakọ̀ ẹrù kì í sì í rí ẹni tí ó wà lórí rẹ̀. Òmíràn wà tí ṣéènì rẹ̀ ń yí táyà iwájú, tí pẹ́dà sì ń bá ọwọ́ kẹ̀kẹ́ yí káàkiri. Gbogbo ìgbà tí ẹsẹ̀ bá tẹ pẹ́dà ni ọwọ́ gbọ́dọ̀ fà á padà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ fún ogún ọdún yóò tún máa ṣubú bí ọmọdé. Ní ti òkè gígùn, ẹni tí ó bá ti fi kẹ̀kẹ́ ru ẹrù gun òkè rí mọ bí a ti í dìde lórí ìjókòó kí gbogbo ìwúwo ara lè tẹ pẹ́dà. Kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntìgùn kò gba èyí rárá. Ìka tí ó bá tọ́ sí imú ni a fi ń ro imú.

Nítorí pé àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá kò kọbi ara sí i, ọwọ́ àwọn tí ń tún kẹ̀kẹ́ ara wọn ṣe ni gbogbo ìlọsíwájú rẹ̀ wà, ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í sì í wo ẹnu àáké. Ẹ wo ọ̀rọ̀ ṣéènì nìkan. Nítorí ibi tí pẹ́dà jìnnà sí táyà ẹ̀yìn, nǹkan bí ṣéènì lásán méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta ni a ń so pọ̀, tí ó ń gba abẹ́ ìjókòó kọjá lórí róólà kékeré kan, ìhà tí ẹsẹ̀ ń fà sì ni gbogbo agbára ń gbà kọjá. Bí róólà náà bá kéré, tí eyín rẹ̀ kò pọ̀, ṣéènì a máa ká kọrọkọrọ lórí rẹ̀, a máa ké, a sì máa jẹ nínú agbára ẹni tí ń gùn ún. Ẹni tí ó bá fi èyí tí ó tóbi rọ́pò rẹ̀, tí ó sì fi bọ́ọ̀lù irin tí ó dára sí i nínú, etí rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé nǹkan ti yàtọ̀. Ẹlòmíràn a dẹ ìjókòó sẹ́yìn láti dígírì 30 sí 20 kí afẹ́fẹ́ lè gba orí rẹ̀ kọjá. Kò pẹ́ yóò rí i pé ọrùn ń fẹ́ ohun tí yóò gbé orí lé, pé àárín orúnkún méjèèjì ni òun ti ń wo ọ̀nà, àti pé ọmọ ìka ẹsẹ̀ tí ó ga ju àyà lọ ń kú tipiri.

Báwo ni ó ṣe wá fẹ́ mọ̀ bóyá ó jèrè? Ọ̀pọ̀ a pààrọ̀ ìjókòó, táyà àti ìrù kẹ̀kẹ́ lọ́jọ́ kan náà, wọn a wá máa yin èyí tí ó wù wọ́n. Àwọn tí ó fara balẹ̀ a máa yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, wọn a jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ yí gẹ̀rẹ́ láti orí òkè kan náà lọ́jọ́ tí atẹ́gùn kò fẹ́, láìtẹ pẹ́dà, wọn a sì wo ibi tí yóò dúró. Ìdánwò tí ó dára ni, ṣùgbọ́n ìdajì òtítọ́ ni ó ń sọ, nítorí pé bí a ti ń dùbúlẹ̀ sí i láti sá fún afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni agbára ẹsẹ̀ ẹlòmíràn ń dín kù, òkè kò sì lè fi èyí hàn nígbà tí ẹsẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Àfi kí a wọn agbára tí ń wọlé sí pẹ́dà, kí a sì wọn eré tí ń jáde, kí ẹnìkan náà gun oríṣi kọ̀ọ̀kan títí ara rẹ̀ yóò fi mọ́ ọn.

Irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ adájọ́. Ẹjọ́ 1934 kò tọ́ lójú tèmi nítorí pé ìrísí kẹ̀kẹ́ Mochet nìkan ni wọ́n fi lé e jáde. Agbẹ́jọ́ẹnìkandá sì ni àgbà òṣìkà. Èmi kò ní kí a da àwọn méjèèjì pọ̀ sínú eré kan, nítorí pé ẹni tí ó fẹ̀yìn tì kò lè bá àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rìn láàrin ọ̀pọ̀ èrò láìséwu. Ohun tí mo ń bẹ̀ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ UCI ni pé kí wọ́n ya ìsọ̀rí kan sọ́tọ̀ fún kẹ̀kẹ́ àfẹ̀yìntìgùn tí kò ní ìkarahun, ní pápá wọn, níwájú adájọ́ wọn, kí wọ́n kọ ìwọ̀n rẹ̀ sílẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má sì yí i padà nítorí ẹni tí ó borí.