Ẹ Kọ Ohun Tí Odò Ń Sọ Sílẹ̀



Bí ilé yín bá wà létí odò, ẹ mọ odò náà dáadáa. Ẹ mọ ibi tó jìn. Ẹ mọ ibi tí a ti ń sọdá. Ẹ mọ ẹyẹ tó ń ké ní ìdájí.  Ẹyẹ, kòkòrò àti omi ni àwọn bàbá wa ń wò kí wọ́n tó gbé ọkọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ ti gbọ́ tí àwọn àgbà ń sọ pé òjò kò rọ̀ bíi ti àtijọ́ mọ́. Nígbà mìíràn, òjò kan rọ̀, a gbin àgbàdo, ọ̀dá sì dé, irúgbìn jóná. Nígbà mìíràn, omi kún kí a tó kórè. Kí ló yí padà gan-an? Ọdún wo ló yí padà? Ènìyàn a máa gbàgbé. Ìwé kì í gbàgbé. Ẹ̀yin náà sì ti mọ ìwé kọ báyìí.

Ẹ jẹ́ ká rìn yí ọdún kan ká létí odò. Ẹ jẹ́ ká wo ohun tó yẹ ká máa kọ sílẹ̀.

ODÒ WA

Odò Wẹmẹ gùn tó nǹkan bíi kìlómítà 510. Àríwá ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ ló ti ń ṣàn bọ̀. Ó kọjá ní ìhà Ṣábẹ̀ àti ìhà Kétu, ó sì lọ sí ọ̀sà Nokoué àti ọ̀sà Àjàṣẹ́. Odò Ọ̀pàrà ń ti ìhà Parakou bọ̀. Níbì kan, òun ni ààlà Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà. Lẹ́yìn náà, ó wọ inú Wẹmẹ.

Ẹ rántí èyí: omi tó wà níwájú ilé yín lónìí, òkè ló ti wá.

NÍGBÀ Ẹ̀Ẹ̀RÙN

Bí òjò bá ti ń dáwọ́ dúró, lékelèéke á dé. Àwòdì náà á dé. Nígbà òjò, ọ̀pọ̀ nínú wọn wà ní àríwá. Bí ibẹ̀ bá gbẹ, wọn á padà sọ́dọ̀ wa. Lékelèéke ń tẹ̀lé màlúù, ó ń ṣa kòkòrò tí màlúù ń ta jáde nínú koríko. Àwòdì ń tẹ̀lé iná ìgbẹ́, ó ń gbé tata tó ń sá fún iná. Àwọn alápàándẹ̀dẹ̀ kan tiẹ̀ ń ti ilẹ̀ Yúróòpù wá, nítorí òtútù ibẹ̀ lé kòkòrò tí wọ́n ń jẹ lọ.

Nígbà tí ọyẹ́ bá mú, omi Ọ̀pàrà á lọ sílẹ̀. Ní ibòmíràn, ọ̀gbun omi nìkan ló máa kù. Ìgbà yìí léwu. Ènìyàn, màlúù, ọ̀nì àti erinmi, omi kan náà ni gbogbo wọn ń wá. Erinmi ń jáde lálẹ́ lọ jẹ koríko, ọ̀nà kan náà ló sì ń tọ̀. Ẹ má ṣe dúró sáàárín erinmi àti omi. Ọ̀nì ń yé ẹyin sínú iyanrìn etí odò, ó sì ń ṣọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé nìkan lọ pọn omi.

Omi tó dúró tún ní ewu mìíràn. Ìgbín omi kékeré ń gbé ibẹ̀. Bí ẹni tó ní àtọ̀sí ajá bá tọ̀ sínú omi, àrùn náà á wọ inú ìgbín. Láti inú ìgbín, á jáde, á gba awọ ara wọ inú ọmọ tó ń wẹ̀. Ọmọ náà á máa tọ ẹ̀jẹ̀. Ẹ má tọ̀ sínú odò. Bí ọmọ yín bá ń tọ ẹ̀jẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Oògùn rẹ̀ wà.

ÒJÒ ÀKỌ́RỌ̀

Òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Lálẹ́, èsúnsún fò sí ìdí iná. Àwọn ọmọ ń ṣa á. Ọ̀pọ̀lọ́ àti àkèré ń ké. Inú gbogbo wa dùn. Ṣé kí a gbin gbogbo irúgbìn wa lọ́jọ́ kejì?

Ẹ ní sùúrù. Èsúnsún ń sọ pé òjò rọ̀. Kò sọ pé òjò á tún rọ̀. Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ wò. Bí ọ̀rinrin kò bá tíì wọlẹ̀ tó gígùn àtẹ́lẹwọ́ àti ìka yín, ẹ dúró. Ẹ má sì gbin gbogbo irúgbìn lọ́jọ́ kan. Ẹ fi díẹ̀ pamọ́. Bí ọ̀dá bá pa ti àkọ́kọ́, ẹ ó rí òmíràn gbìn.

Ibi tí omi bá ti ń sáré lórí àpáta, eṣinṣin dúdú kékeré kan ń pamọ níbẹ̀. Ọ̀sán ló ń jẹni. Òun ló ń gbé àrùn ìfọ́jú etí odò káàkiri. Àwọn àgbà rántí ìgbà tí èyí lé àwọn ènìyàn kúrò ní ilẹ̀ tó dára. Láti ọdún 1974 dé 2002, wọ́n fi oògùn sí àwọn odò ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, Tógò àti àwọn aládùúgbò wa láti pa ọmọ eṣinṣin yìí. Láti ọdún 1987, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Mectizan ń fi í tọrẹ lọ́fẹ̀ẹ́. Bí àwọn tó ń pín in bá dé pẹ̀lú ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn gíga ènìyàn, ẹ má sá fún wọn. A kì í fún aláboyún, ọmọ kékeré tàbí ẹni tí àìsàn rẹ̀ le. Àwọn yòókù, kí wọ́n lò ó ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pín in.

OMI Ń KÚN

Láti nǹkan bí oṣù keje, omi á máa ga. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, ó lè bo oko. Nígbà mìíràn, òjò kò rọ̀ lọ́dọ̀ yín rárá, síbẹ̀ omi ń kún. Òjò àríwá ni. Ẹ wo omi náà: àwọ̀ rẹ̀ yí padà, ó pọ́n, ó ń gbé ìfófòó, ewé àti igi bọ̀. Èèrà ń kó ẹyin wọn gòkè. Ejò àti ọ̀yà ń wá ilẹ̀ gíga. Ilẹ̀ gíga náà lè jẹ́ ẹ̀yìnkùlé yín, nítorí náà ẹ mú iná dání lálẹ́.

Ní ọdún 2010, omi kún púpọ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀. Ilé wó, oko rì. Ẹ gbin òpó kan sétí odò. Ẹ fà á sí ìlà, ìbú ọwọ́ kan sí èkejì. Ẹ wò ó láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Bí omi bá gun ọ̀pọ̀ ìlà lóru ọjọ́ kan, ẹ kó ewúrẹ́ àti àgbàdo gòkè. Ẹ fi tẹlifóònù pe ará yín tó wà lókè odò. Ẹ pe èyí tó wà nísàlẹ̀ náà.

Ìgbà yìí ni àrọ̀ ń wọ inú koríko tí omi bò lọ yé ẹyin. Ẹ má fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ kó ọmọ ẹja. Ẹ̀yin lẹ máa jẹ ẹ́ lọ́la.

OMI Ń FÀ

Bí omi bá ń fà, ó fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ Wẹmẹ, ibẹ̀ ni wọ́n ń gbin àgbàdo tó ń yá, ilá, ata àti ẹ̀fọ́. Ẹja ń kù sínú kòtò gígùn tí wọ́n ń pè ní whedo. Ṣùgbọ́n kànga ti dọ̀tí, ẹ̀fọn sì pọ̀. Ẹ se omi kó hó kí ẹ tó mu ún, nítorí onígbáméjì. Ẹ sùn lábẹ́ àwọ̀n ẹ̀fọn.

BÍ A ṢE Ń KỌ Ọ́

Ẹ ra ìwé kékeré kan àti bíìkì kan. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ tó. Bí àpẹẹrẹ:

Ọjọ́ 12, oṣù 4: Òjò àkọ́rọ̀. Èsúnsún fò.
Ọjọ́ 20, oṣù 4: Kò sí òjò. N kò tíì gbìn.
Ọjọ́ 3, oṣù 9: Omi pọ́n. Ó dé ìlà 6.
Ọjọ́ 8, oṣù 11: Mo rí lékelèéke 3.

Lẹ́yìn ọdún kan, ìwé yín á sọ ìtàn. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, á gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ ó mọ̀ bóyá òjò ń pẹ́ sí i. Ẹ ó mọ ilẹ̀ tí omi ń bò àti èyí tí kì í bò. Bí ọmọ yín bá fẹ́ kọ́lé létí odò, ẹ ó ní ohun tí ẹ máa fi hàn án.

Ẹ JẸ́ KÁ JÍRÒRÒ

1. Ẹyẹ wo ló ń sọ fún yín pé ẹ̀ẹ̀rùn dé?
2. Níbo ni omi dé ní ọdún tó kún jù ní abúlé yín? Ṣé àmì wà níbẹ̀?
3. Ta ni ẹ máa pè bí omi bá ń kún lóru?
4. Kí ni ẹ máa kọ sínú ìwé yín lónìí?