Kòkòrò Inú Obì: Fáírọ́ọ̀sì Tí Ó Fara Pamọ́ Nínú Kíndìnrín Ọ̀bọ

Àwọn tí ń ṣòwò obì mọ̀ pé ẹwà ojú kò tó láti fi ra obì. Obì lè pọ́n, kí ó sì máa dán, síbẹ̀ kí kòkòrò wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni àwọn àgbà ṣe ń wí pé, kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó ń gbé. Ohun tí ó jọ èyí ṣẹlẹ̀ sí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà.

Fáírọ́ọ̀sì kì í pọ̀ sí i bí kò ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì, èyíinì ni àwọn hóró kéékèèké tí a fi mọ ara ẹ̀dá alààyè. Nítorí náà, inú sẹ́ẹ̀lì kíndìnrín ọ̀bọ, tí a tọ́jú sínú ìgò, ni a ti sin fáírọ́ọ̀sì àrùn náà fún àjẹsára Dókítà Jonas Salk, kí a tó fi oògùn formalin pa á. Ní ọdún 1955 ni a bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọdé káàkiri.

Ọ̀bọ Rhesus láti ilẹ̀ Íńdíà wà nínú àwọn tí a lò. Fáírọ́ọ̀sì mìíràn ń gbé inú kíndìnrín wọn, ṣùgbọ́n kò ba sẹ́ẹ̀lì wọn jẹ́ lójú ẹni tí ń wò ó.

Obìnrin onímọ̀ kan, Bernice Eddy, fura. Ó gún ohun tí ó ti inú irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ wá sára hamster, ẹranko kékeré tí ó dàbí eku; kókó sì so sí wọn lára. Ní ọdún 1960, Ben Sweet àti Maurice Hilleman gbé fáírọ́ọ̀sì náà sínú sẹ́ẹ̀lì ọ̀bọ aláwọ̀ ewé ti ilẹ̀ Áfíríkà. Ihò bẹ̀rẹ̀ sí yọ nínú sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí. Àlejò tí ó dákẹ́ nílé ojúlùmọ̀ tú àṣírí ara rẹ̀ nílé àjèjì. Wọ́n sọ ọ́ ní SV40. Formalin kì í sì í pa gbogbo rẹ̀ tán.

Ní ọdún 1961, ìjọba Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí àjẹsára tuntun wà láìní SV40. Ṣùgbọ́n a ń lo èyí tí ó ṣẹ́kù títí di 1963. A ṣírò rẹ̀ pé àwọn tí ó gba fáírọ́ọ̀sì náà mọ́ àjẹsára lè tó mílíọ̀nù 10 sí 30. Ìwádìí ọlọ́dún púpọ̀ lára irú wọn kò fi hàn pé jẹjẹrẹ pọ̀ láàrín wọn ju ti ẹlòmíràn lọ.

Láti ìgbà náà ni a ti ń fi sẹ́ẹ̀lì oríṣiríṣi yẹ ara wọn wò. Ọ̀pọ̀ àjẹsára òde òní ni a ń ṣe nínú sẹ́ẹ̀lì Vero, tí a mú láti ara ọ̀bọ Áfíríkà kan ṣoṣo ní Japan ní ọdún 1962, tí a sì ti yẹ̀ wò fínnífínní; bí àgbẹ̀ tí ó tọ́jú irúgbìn mímọ́ sí àká, tí kò tún máa ra èyí tí kò mọ̀ lọ́jà.

Kí òbí má ṣe tìtorí ìtàn yìí fawọ́ ọmọ sẹ́yìn. Nípa àjẹsára ni a fi lè kéde ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 pé rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ti kúrò ní Áfíríkà. Ẹni tí ó ń ṣa obì kò kórìíra obì; nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó ṣe ń ṣa á.